Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Mo Lọ Ire, Mo Bọ̀ Ire

Ẹ̀yin ọmọ Obòkun nílé lóko, ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Ọ̀nà tí mo gbà kò rọrùn, n kò sì ní fi ohunkóhun pamọ́ fún yín.

Ọmọ Iléṣà ni mí. Kí n tó lọ yìí, Kútọnu tó wà nítòsí yìí, n kò dé ibẹ̀ rí. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan ní kí n wá fi oṣù méjì kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà lábúlé kan lẹ́bàá ìlú Ho, lágbègbè Volta ní Ghana, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò lówó oṣù, ilé wa dàrú. Ìyá mi àgbà wà lára àwọn tí ìjọba Busia lé kúrò ní Ghana ní 1969. Ẹrù orí wọn nìkan ni wọ́n gbé délé. Wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n ti lé wa ni ìwọ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ, ìwọ nìkan?"

Màmá mi ò bá mi jiyàn. Wọ́n lọ sí ọjà Atákúnmọ́sà, wọ́n ra aṣọ funfun tó nípọn, wọ́n fi rán tòbí fún mi, àpò méjì, síìpù lẹ́nu àpò kọ̀ọ̀kan. "Pásípọ́ọ̀tù, yẹ́lò káàdì, owó, inú ibí ni kí wọ́n máa gbé. O ò gbọdọ̀ tú u títí o ó fi dé."

(Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára yín kí yẹ́lò káàdì náà tó ṣiṣẹ́. Ti físà, àwa ọmọ ECOWAS kò nílò rẹ̀ fún 90 ọjọ́.)

Mo gba Sẹ̀mẹ̀, mo gba Kútọnu. Ilẹ̀ ti ṣú, òjò sì ń rọ̀ nígbà tí a wọ Lómé. Ẹnubodè Aflao, tí wọ́n ń gbà wọ Ghana, kò jìnnà síbi tí wọ́n já wa sí, ẹ̀gbẹ́ ìlú gan-an ló wà. Ọkùnrin kan tó ní ọmọlanke ní òun á bá mi ti ẹrù débẹ̀. Mo gbé báàgì mi lé e, àti pọ́ọ̀sì tí fóònù mi wà nínú rẹ̀, kí n lè rọ́wọ́ di agboòrùn mú. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Kí n tó yíjú padà, kò sí ọmọlanke, kò sí ọkùnrin.

Ẹkún tí mo sun lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò sun irú rẹ̀ rí. Faransé ni wọ́n ń sọ lọ́tùn-ún, Ewe ni wọ́n ń sọ lósì. Ni mo bá káwọ́ lérí, mo ké, "Yéè! Màmá mi o, mo gbé!"

Obìnrin kan tó ń palẹ̀ búrẹ́dì mọ́ lábẹ́ tapólì gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ta ló ń fi Yorùbá sunkún níbẹ̀ yẹn?"

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo ní Benin) ni màmá náà. Yorùbá wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n kò sí ohùn tó tíì dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fi ìborùn wọn nù mí lójú, wọ́n na fóònù wọn sí mi. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ sórí, ti màmá mi. Nígbà tí wọ́n gbé e, ọ̀rọ̀ kọ̀ láti jáde lẹ́nu mi. Màmá mi ò béèrè ẹrù. Wọ́n ní, "Tòbí ńkọ́?"

Mo fọwọ́ kan ìdí. Ó wà níbẹ̀. Gbígbẹ ló gbẹ, òjò ò débẹ̀.

Orí ẹní màmá oníbúrẹ́dì ni mo sùn mọ́jú. Àwọn fúnra wọn ló sìn mí dé ẹnubodè láàárọ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìwé tí mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ti bá ẹrù lọ, nítorí náà páálí ni mo gé, mo kọ lẹ́tà sí i lára. Wọ́n kà á! Bàbá àgbàlagbà kan lábúlé náà ní Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní Benin, ni àwọn baba ńlá àwọn ti ṣí wá. Láti ọjọ́ náà, àyà mi ò já mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ mi. Màmá oníbúrẹ́dì ti gbà láti wá láti Lómé, ìyá mi àgbà sì ti ní inú yàrá àwọn ni àlejò náà yóò sùn.