Ẹ má kọ orúkọ wọn

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń múra àtilọ sí àwọn àdúgbò etí odò n'Ìbàdàn, láti béèrè ìtàn omíyalé kẹ́ ẹ sì wọn bí omi ṣe ga tó nílé kọ̀ọ̀kan, mo ti wo fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ tẹ̀. Orúkọ ló ṣáájú, nọ́ńbà fóònù tẹ̀ lé e, “Kí lẹ pàdánù?” ló kẹ́yìn. Ọdọọdún ni fọ́ọ̀mù báyìí ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Èkíní ni ìkíni. Ẹni tó já bọ́ nínú ewu là ń kí pé “ẹ kú ewu”. Ìyá tí omi gbọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1980 ṣì lè wà nínú ilé tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀. Ẹ kí i bá a ṣe ń kí àgbà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dárúkọ omi.

Èkejì, ẹ má béèrè ọdún. Omíyalé ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 àti ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu èèyàn. Ọjọ́ Àìkú ni tàkọ́kọ́. Ọjọ́ Ẹtì nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì ni tìkejì. Ẹ béèrè bóyá àwọn èèyàn ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, àmì ara ògiri. Ọ̀rinrin tó ń gòkè láti inú ilẹ̀ kì í ga dọ́gba, iyọ̀ funfun sì máa ń hù lójú rẹ̀. Àmì omíyalé máa ń tẹ́ gbọọrọ, gíga kan náà ni yàrá dé yàrá. Orí ilẹ̀ yàrá ni kẹ́ ẹ ti fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó kéré tán nínú yàrá méjì. Àgbàlá ò ṣeé gbára lé, torí wọ́n lè ti da yẹ̀pẹ̀ sí i, tàbí kí àgbàrá ti wọ́ ọ lọ. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì tàbí ọ̀dà kan ògiri rárá. Ilé tí wọ́n fẹ́ wó ni wọ́n ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí lára.

Ẹ̀kẹrin ni fọ́ọ̀mù yẹn. Bí omi bá ti fà tán, ẹni tó ń kọ orúkọ fún ìrẹsì àti mátírẹ́ẹ̀sì ló máa ń dé. Bíírò àti orúkọ ti di ìrànwọ́ lójú àwọn ará àdúgbò. Ilé mẹ́ta àkọ́kọ́ á dá yín lóhùn dáadáa. Kẹ́ ẹ tó dé ìkẹrin, ọmọ kan á ti sáré lọ pe ìyá rẹ̀ lọ́jà. Láìpẹ́, èrò á ti tò, àti ẹni tí omi ò dé ilé rẹ̀ rí. Ẹni tó pàdánù fìríìjì kan á ní mẹ́ta ni, torí ó mọ̀ pé wọ́n máa ń dín ohun téèyàn bá sọ kù. Ẹ̀yin á ro iye yẹn pọ̀, ẹ ó pè é ní ìṣirò. Àwọn á máa retí ìpè yín, oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà. Baálẹ̀ tó mú yín wọlé ni wọ́n á bú, ẹgbẹ́ tó bá dé lẹ́yìn yín ni wọ́n á sì tìlẹ̀kùn mọ́. Ó ń dùn mí, torí wọn ò jẹ ẹnikẹ́ni nínú wa ní gbèsè ọ̀rọ̀.

Nọ́ńbà ilé ni kẹ́ ẹ lò, lórí àwòrán àdúgbò tẹ́ ẹ fọwọ́ yà. Ẹni méjì ni kó lọ: ọ̀kan á sọ̀rọ̀, èkejì á kọ. Lọ́dọ̀ Baálẹ̀, lọ́dọ̀ alága àwọn lánlọ́ọ̀dù, lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó: “A ò mú nǹkan kan wá, nǹkan kan ò sì tẹ̀ lé wa bọ̀.” Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ máa lọ. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé àwòrán yẹn padà fún Baálẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú gíga omi nílé kọ̀ọ̀kan, kí ayálégbé tuntun lè mọ ibi tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ ga dé.