Ẹ Má Padà Lọ Wo Ilẹ̀kùn Yẹn

Bí OCD, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí èrò kan máa pa dà wá ṣáá, kéèyàn sì máa tún ohun kan náà ṣe léraléra, bá ń dà yín láàmú, tí ọkàn yín ń sọ pé ẹ ò tilẹ̀kùn tàbí pé ẹ ò pa gáàsì, ohun tí mo kọ́ ni pé kẹ́ ẹ má padà lọ wò ó. Mo mọ bó ṣe le tó. Bàsírí ni mo ń gbé ní Adó-Èkìtì, Ìkẹ́rẹ́ ni ibi iṣẹ́ mi. Àìmọye ìgbà ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ajílòsùn, tí mo gun ọ̀kadà padà sílé nítorí àgádágodo. Màá bá a ní títì. Màá fà á, màá tún un fà, títí àtẹ́lẹwọ́ mi á fi máa rùn bí irin. Ara á tù mí díẹ̀. Kí n tó dé Ìjìgbò, iyèméjì á tún ti dé.

Ìtura kékeré yẹn gan-an ló ń mú kí àìsàn náà ta gbòǹgbò, torí ó ń kọ́ ọpọlọ pé ewu wà lóòótọ́, pé yíyẹ̀ ẹ́ wò ló kó wa yọ. Ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní ERP ni pé kẹ́ ẹ mọ̀ọ́mọ̀ sún mọ́ ohun tó ń bà yín lẹ́rù, kẹ́ ẹ má sì ṣe ohun tí ẹ̀rù ní kẹ́ ẹ ṣe. Ní 1966, Victor Meyer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa aláìsàn méjì tó tọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn. Èmi kọ́kọ́ fa àgádágodo lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì lọ. Nínú mọ́tò, òógùn bò mí, mo di irin ìjókòó iwájú mú. Mo ní, "Bóyá mo tì í, bóyá n kò tì í." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ara yín pé ẹ ti tì í; ìyẹn náà, yíyẹ̀wò ni. Ká tó wọ Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀rù náà ti ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé àdúrà tàbí àlùwàlá ni wọ́n ń tún ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbàgbọ́ wọn ò kéré rárá, àìsàn ni. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dìde, bó tilẹ̀ ń ṣe yín bíi pé kò pé.

Ará ilé náà ní ipa tirẹ̀. Tí mo bá béèrè, ìyàwó mi á ní, "Bàbá wọn, ẹ ti tì í." Nísinsìnyí, ohun tó ń sọ ni, "Mi ò ní dá yín lóhùn ìyẹn o." Ó kọ́kọ́ dùn mí, àmọ́ ìfẹ́ gidi ni.

Oògùn bíi fluoxetine àti sertraline náà ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ó lè tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kó tó hàn, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Bó bá ti kọjá agbára yín, ẹ lọ bá oníṣègùn ọpọlọ. Ẹ mú ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè yín nílé dání. Òun náà ní ohun tó yẹ kó gbọ́.