Ẹ Má Gba Wáyà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ó rọrùn láti kó àwọn ọmọbìnrin jọ sínú gbọ̀ngàn, kí a sọ fún wọn pé wọ́n lè di ẹnjiníà, kí a ya fọ́tò, kí kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Àmọ́ ohun tó ń mú ọmọbìnrin dúró ti sáyẹ́ǹsì ni kí nǹkan kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì wá ìdí rẹ̀ títí yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, wákàtí kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀: ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bátìrì tan iná kékeré kan.

Ẹ pín wọn ní méjì méjì. Bí wọ́n bá pé márùn-ún nídìí iṣẹ́ kan, ẹnì kan á máa ṣe é, àwọn yòókù á máa wòran. Níbi tí ọkùnrin àti obìnrin bá ti jọ wà, ọmọkùnrin ló sábà máa ń di irinṣẹ́ mú, wọn á ní kí ọmọbìnrin máa kọ àbájáde sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ ìyẹn dáadáa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́.

Ohun tí ọmọ méjì nílò kò pọ̀: bátìrì volt 9 pẹ̀lú ìdérí oníwáyà rẹ̀, LED (gílóòbù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì) pupa mẹ́ta, rẹsístọ̀ 470 ohm kan (òun ló ń dín iná tó ń ṣàn kù), àti breadboard kékeré (pátákó oníke tó ní ihò tí a ń ki wáyà bọ̀). Kí wọ́n tó so ohunkóhun pọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò. LED pupa ń lo nǹkan bíi volt 2. Ó ku 7. Ẹ pín 7 sí ọ̀nà 470, ẹ ó rí nǹkan bíi amp 0.015, ìyẹn milliamp 15; bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó nìyẹn. Ọ̀pọ̀ LED kékeré kò fẹ́ ju 20 lọ. Òfin Ohm tí wọ́n ń há sórí ní kíláàsì náà nìyẹn: ẹ pín volt sí ọ̀nà ohm, ẹ ó rí iná tó ń ṣàn.

Láti orí pósítíìfù bátìrì, wáyà á lọ sí rẹsístọ̀, rẹsístọ̀ sí ẹsẹ̀ LED tó gùn, ẹsẹ̀ kúkúrú á padà sí nẹ́gátíìfù.

Bí iná kò bá tàn, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹsẹ̀ LED méjèèjì wà lórí ìlà kan náà. Irin kan ló so ihò márùn-ún orí ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀ lábẹ́, nítorí náà iná á gba inú irin náà kọjá, kò ní dé inú LED rárá. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n yí LED sódì: etí rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ti nẹ́gátíìfù. Bí wọ́n bá fura sí bátìrì, kí wọ́n yá ti àwọn tí tiwọn ti tàn. Ẹni tó bá fo rẹsístọ̀, LED rẹ̀ á tàn yòò lẹ́ẹ̀kan, á sì jó. Kí wọ́n má fi ojú sún mọ́ ọn o. Ẹ má bá ọmọ jà nítorí èyí tó jó. Ìdí tí ẹ fi mú mẹ́ta wá nìyẹn.

Nígbà yìí, kí olùkọ́ káwọ́ sẹ́yìn. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé: “Tọ́ ọ̀nà iná yìí fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.” Bí ẹ bá gba wáyà tí ẹ sì bá a ṣe é, ohun tó kọ́ kò ju pé ẹlòmíì ló mọ̀ ọ́n ṣe. Tó bá sì tàn, ẹ yin ohun tó ṣe gan-an: “O yẹ ìlà wò kí o tó yọ LED.” Èyí wúlò ju “o gbọ́n” lọ.

Ẹ lè wá sọ ìtàn fún wọn. Ní ọdún 1962, kí John Glenn, ará Amẹ́ríkà, tó gbéra láti fi ọkọ̀ gbalasa òfuurufú yí ayé po, ó ní kí Katherine Johnson, obìnrin onímọ̀ ìṣirò ní àjọ NASA, kọ́kọ́ tún ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ti ṣe yẹ̀ wò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò milliamp tirẹ̀ á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ìṣirò náà ló ń já ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀. Bí máàkì bá ti lọ sílẹ̀, àgbàlagbà á ní kó jáwọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò ní ìṣirò àti físíìsì kò lè fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà wọ iṣẹ́ ẹnjiníà. Kí ẹ tó jẹ́ kó fi í sílẹ̀, ẹ tú ìwé ìdánwò rẹ̀ wò, ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ lè rí i pé ìdá nǹkan ni kò yé e, tàbí bí a ṣe ń gbé nǹkan kọjá àmì ọgbọọgba. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ ọ ní ìyẹn nìkan, kí ẹ sì fún un ní ìdánwò mìíràn.