Ọwọ́ tó rọ̀

"Bí ọwọ́ bá ti ń rọ̀, iṣẹ́ kóòṣì ló kàn." Ọ̀gbẹ́ni kan ló sọ ọ́ nídìí chess lánàá, kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ kan ti ní kí n wá máa kọ́ àwọn ní chess.

Mo lọ síbi iṣẹ́ lónìí, mo bọ̀. Òjò pa mí. Wọn ò mú iná wá.

Ọwọ́ tó ń rọ̀ kẹ̀. Ṣé ọwọ́ R. B. Ramesh rọ̀ ni? Ará Chennai ní Íńdíà, grandmaster gidi, oyè àwọn ọ̀gá nínú chess. Ọdún 2002 ló gba ipò kìíní nínú ìdíje ilẹ̀ Bìrìtìkó, ó tún gba ti Commonwealth lọ́dún 2007. Kò pẹ́ sígbà yẹn tó fi pa títa tì, tó fi iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo ìjọba sílẹ̀, tóun àti Aarthie ìyàwó rẹ̀, tóun náà mọ̀ ọ́n ta dáadáa, dá Chess Gurukul, ilé ẹ̀kọ́ chess, sílẹ̀. Ta ló ń fọwọ́ rírọ̀ gba ife?

Àmọ́ ká sòótọ́, kò sún mọ́ adé àgbáyé. Bóyá ó ti ṣírò ibi tí agbára òun mọ. Bóyá ọ̀gbẹ́ni àná yẹn ò kúkú parọ́ tán…

Ẹ wá wo Praggnanandhaa, ọmọ Íńdíà tí Ramesh kọ́ láti kékeré. Grandmaster lọ́mọ ọdún 12, ní 2018. Ní 2023, ní Baku ní Azerbaijan, ó bá Carlsen, ẹni tó ti gba adé àgbáyé rí, dé àṣekágbá ife àgbáyé: ọ̀mì, ọ̀mì, kí Carlsen tó nà án nínú èyí tí wọ́n ń ta kíákíá. Vaishali ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí Ramesh kan náà kọ́, ti di grandmaster báyìí. Ẹ rántí fọ́tò Baku yẹn? Màmá wọn, nínú sáárì, ń wo ọmọ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín bí àwọn oníròyìn ṣe yí i ká. Mo wá kóòṣì nínú fọ́tò náà, n ò rí i. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àbí kò dáa? Èmi ò rò pé mo lè fara dà á.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn gan-an, èmi ni mo nà án lóṣù tó kọjá! Mo jẹ ayaba ẹ̀, ó ní òun ò jókòó dáadáa ni. Ọwọ́ ta wá ló rọ̀?

Àwọn ọmọ yẹn ń retí èsì mi. Owó tí wọ́n dá lé e ò tó owó ọkọ̀. Mo lè máa kọ́ wọn, kí n sì máa lọ sí ìdíje tèmi… Ramesh ò ṣe méjèèjì o. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni Ramesh, mo ṣì fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ mi.