Ohun Tí Ojú Kò Rí Nínú Omi Mímu

Bí mo bá gbé ife omi sókè sí ìmọ́lẹ̀, tí mo sì rí i pé ó mọ́ gaara, ọkàn mi kì í fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ mọ́, nítorí mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo oògùn tí a bá lò ló ń tán sínú ara. Ìtọ̀ ń gbé ìyókù jáde, yóò sì gba inú páìpù dé odò, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tún omi ìdọ̀tí ṣe kì í lè yọ gbogbo rẹ̀.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni èròjà inú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ń ṣe bíi họ́mọ̀nù obìnrin. Ní Kánádà, láàárín ọdún 2001 sí 2003, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dìídì da èròjà náà sínú adágún kan, ní ìwọ̀n nanogram 5 sí 6 nínú lítà kan. Bí a bá pín gíráàmù kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀ ni nanogram kan! Síbẹ̀, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú kórópọ̀n àwọn akọ ẹja kéékèèké, irú ẹja náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán nínú adágún ọ̀hún.

Lóòótọ́, inú omi ni ẹja ń gbé tọ̀sán-tòru, ìwọ̀n tó sì ń wà nínú omi mímu sábà máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n sísè omi kò lè yọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Èédú àkànṣe tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ló ń mú púpọ̀ nínú wọn. Ní tèmi, n kì í da oògùn tó ti kọjá àkókò sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ apòògùn tó ń gbà á ni mo ń kó o lọ.