Ẹ̀fọn Inú Golf Mi

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀fọn kan wà nínú ọkọ̀ yìí o. Láti ilé ló ti ń kùn sí mi létí."

Ìyá ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀. A ń lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn ní Ògo-Olúwa, ní Òṣogbo. Àwọn nìkan ló jókòó sẹ́yìn, pẹ̀lú léèsì aṣọ ẹbí aláwọ̀ ojú ọ̀run, gèlè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé ọkọ̀. Lórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà sáàyè rẹ̀ lóru mọ́jú ni wọ́n jókòó lé.

Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀fọn, Màmá. Pọ́ǹpù epo ni."

"Pọ́ǹpù kí ni?"

Ìyàwó mi mí kanlẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá bi mí ní irú ìbéèrè yẹn ti fọwọ́ fa wàhálà.

Golf 4 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8 tí tọ́bò ti wà lára rẹ̀ láti Jámánì. K03 ni tọ́bò tó bá a wá. Mo yọ ìyẹn, mo fi K04 tó jù ú lọ sí i. Ẹni tó bá ti dé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ rí, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ tọ́bò ṣòro fún un: ẹwìrì ni. Èéfín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, òun náà á wá máa ki atẹ́gùn bọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu tipátipá. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ tó ń fẹ́ ẹwìrì tí kò rọ èédú sí i, kí ló ń ṣe? Epo ni èédú tiwa. Bí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, atẹ́gùn ìwọ̀n 14.7 ló ń bá epo ìwọ̀n 1 jó. Tí tọ́bò bá ti gbé e, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, kí atẹ́gùn má ju nǹkan bí 12 lọ sí epo 1. Tí epo ò bá tó, inú ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà, á máa kàn gbá-gbá-gbá, písítìnnì á sì yọ́. Mo ti rí èyí tó yọ́ rí lórí bẹ́ǹṣì mẹkáníìkì kan ní Old Garage. Ihò tó wà láàárín rẹ̀ gba àtàǹpàkò mi.

Ihò yẹn ló ná owó mi. Mo ra nósù mẹ́rin tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú 550 cc ní ìṣẹ́jú kan. Mo ra pọ́ǹpù tó ń fa lítà 255 ní wákàtí kan. Ọmọkùnrin kan bá mi tún ètò inú brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kọ, kó lè mọ̀ pé nósù ti tóbi. Tí a ò bá sọ fún un, bó ṣe ń ṣí nósù kékeré náà ló ṣe máa ṣí ńlá, ọkọ̀ á wá máa tú èéfín dúdú bí ẹ̀rọ alọta. Mo fa wáyà tuntun tó nípọn láti bátìrì lọ síbi pọ́ǹpù lẹ́yìn, pẹ̀lú ríléè tirẹ̀, ìyẹn súwíìṣì tó ń gbé iná fún un. Rewáyà àdúgbò wa bi mí bóyá iná ni mo fẹ́ fà dé Ìkìrun.

Àlàyé yìí ni mo ń ṣe fún Màmá láti Òkè-Báálẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ dé orí nósù, wọ́n ní, "Òórùn epo tó ń rùn yìí náà ńkọ́?"

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀.

Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni pọ́ǹpù Golf 4 ń gbé. Mo fa epo tó wà nínú táńkì sínú kẹ́ẹ̀gì kí n lè ríbi ṣiṣẹ́, mo ní kí àbúrò ìyàwó mi bá mi dà á padà tí mo bá parí. Mo gbé àga sókè: gúgúrú, kíréyọ́ọ̀nù ìbejì, àti yẹtí wúrà kan tí èmi àti ìyàwó mi ti torí ẹ̀ bá ọmọ ọ̀dọ̀ kan wí. (A bẹ̀ ẹ́. Mo pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.) Lábẹ́ ìyẹn ni ìdérí, lábẹ́ ìdérí ni òrùka ike ńlá kan, tí rọ́bà tó ń dí òórùn epo mọ́ inú táńkì sì yí i ká lábẹ́. Ìgbà tí mo tú rọ́bà yẹn tán ni mo rí ìwà ẹ̀. Epo ti mu ún yó, ó wú bí ẹ̀wà tó sùn sómi mọ́jú, kò gbà mọ́ pé òun máa wọ ibi tó ti jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó yọ lọ́hùn-ún. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó yọ níhìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ.

Mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú. Irin tín-ín-rín kan wà lára pọ́ǹpù náà tó gbé nǹkan kékeré kan dání tó ń léfòó lórí epo. Òun ló ń sọ fún géèjì iwájú bí epo ṣe kù sí. Àmì méjì wà, ọ̀kan lára pọ́ǹpù, ọ̀kan lára táńkì, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kojú ara wọn kí irin náà lè ráyè lọ sókè sódò. Nínú òkùnkùn yẹn, pẹ̀lú itọ́ tó ń ṣàn lẹ́nu mi, wọ́n kojú ara wọn lójú tèmi. Mo fún òrùka náà, mo dá àga padà, mo lọ sùn. Láàárọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, géèjì ní epo kọjá ìdajì. Mo ní, ọmọ gidi ni àbúrò ìyàwó mi yìí, ó ti da epo náà padà.

Ní Ọláìyá, lábẹ́ bíríìjì gan-an, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Ẹ̀yin tó mọ Ọláìyá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fojú inú wò ó. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́fà ló ń fun fèrè lẹ́yìn mi. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì bá mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwùjọ pé. Ọ̀kan ní pùlọ́ọ̀gì ni. Ọ̀kan ní kọ́ìlì ti jó. Bàbá kan tó gbé adìyẹ dání ní ohun tó máa ń ṣe Peugeot 504 òun nìyẹn láyé Ṣàgàrí. Mo yí kọ́kọ́rọ́, pọ́ǹpù ké, igbe rẹ̀ lọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Màmá yọjú láti ẹ̀yìn. "Bàbá Ìbejì, ẹ̀fọn yín ti ń bínú o. Ṣé epo wà nínú ọkọ̀ yìí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọlọ́gbọ́n. Mo fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn pé géèjì ní ó kọjá ìdajì, pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá epo, ó ní láti jẹ́ pé agbára tí pọ́ǹpù fi ń tì í ló yí padà, pé tí a bá rí ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń...

Fóònù mi dún. Àbúrò ìyàwó mi ni.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú. Kẹ́ẹ̀gì epo tó wà lẹ́yìn ilé yìí, ṣé kí n bù díẹ̀ sí jẹnẹrétọ̀? Bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn jáde ketekete, torí mo ti tan sípíkà kí n lè máa fi ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ́ńjìnnì. Bàbá aládìyẹ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí adìyẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ń tún kọ́ìlì mi ṣe lẹ́nu sì sá tẹ̀ lé e lọ sáàárín títì.

Kíá ni mo pa kọ́kọ́rọ́, torí epo tó yí pọ́ǹpù yẹn ká ló ń tù ú lára; kò gbọ́dọ̀ máa yí ní gbígbẹ. Ọlọ́kadà kan gbé mi lọ sílé epo, mo ra lítà márùn-ún, a gé ike omi lórí fi ṣe àrọ, a dà á sí i. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà. Géèjì ṣì ń sọ pé ó kọjá ìdajì. Títí di òní yìí tí mo bá rántí bó ṣe dúró gbọin yẹn, inú á bí mi.

Mo rò pé ó parí. Mi ò mọ ohun tí rọ́bà yẹn ti ṣe fún léèsì. Ní ọgbà ibi ayẹyẹ, Màmá kọrí sí ìdí ààrò bí ìṣe wọn, torí àwọn ló máa ń dúró ti ẹran kí wọ́n má baà pín in ní ìpínkúpìn-ín. Olórí àwọn asebẹ̀ gbóòórùn wọn, ó na ọmọrogùn sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn! Ẹ má sún mọ́ iná mi!" Wọ́n gbé àga fún wọn lábẹ́ igi máńgòrò kan tó jìnnà sí ènìyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo bí ẹran ṣe ń lọ. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ padà sílé.

Mo ti tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Rọ́bà tuntun ni mo fi sí i, àwọn àmì méjèèjì kojú ara wọn, géèjì ń sọ òótọ́, òórùn ti lọ. Ọkọ̀ náà ń fò. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo fọ̀ ọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Màmá kí n gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dúpẹ́ gan-an, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá lọ. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí oníkẹ̀kẹ́ létí:

"Ọmọ mi, ṣé epo wà níbẹ̀?"