Kí ọ̀dọ́ oníwádìí tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ PCR

Bí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè bá wọ láàbù ní Òṣogbo níbí, ìbéèrè tó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé ìgbà wo ni wọn yóò kọ́ òun ní PCR, ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀ kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kò burú. Ṣùgbọ́n PCR kò le: ẹni tó bá lè wọn omi tó kéré bíi 2 µl láìgbọ̀n ọwọ́, tí kò sì kánjú, yóò mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń gba ọdún ni ọ̀nà tó wà láàárín aláìsàn àti ẹ̀rọ náà, tí ìbéèrè ń gbà kúrò ní wọ́ọ̀dù dé láàbù, tí oògùn tàbí àyẹ̀wò tuntun sì ń gbà padà sọ́dọ̀ aláìsàn. Ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ń kú sí, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ iṣẹ́ nípa rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kó fi àìsàn kan tó wà nítòsí rin ọ̀nà náà já kó tó gba àkòrí ńlá. Fún Òṣogbo, àtọ̀sí ajá (schistosomiasis), àìsàn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, la máa mú. Àwọn abúlé etí adágún Erinlẹ̀, bí Ilie, ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìgbín inú omi ló ń gbé kòkòrò rẹ̀, praziquantel ni oògùn rẹ̀, àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì gba ju síríńjì, asẹ́, síláìdì àti maikirosikóòpù.

Ìtọ̀ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ gbà á, torí ọ̀sán ni ẹyin kòkòrò máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ sáré díẹ̀ lórí pápá iléèwé kí wọ́n tó tọ̀, kí wọ́n sì tọ̀ ọ́n tán sínú ike, nítorí ìkángun ìtọ̀ ni ẹyin àti ẹ̀jẹ̀ máa ń bá jáde jù. Ara ike ni kí ẹ kọ nọ́ńbà sí, ẹ má kọ ọ́ sára ìdérí. Bí ẹ bá ṣí ike ogún lẹ́ẹ̀kan náà, ìdérí ọmọ kan á di ti ẹlòmíràn.

Ní láàbù, ẹ mi ike náà kí ẹ tó fa 10 ml sínú síríńjì. Ẹyin máa ń rọ̀ sísàlẹ̀; ẹni tó bá fa ti òkè nìkan yóò kọ "kò sí" síwájú orúkọ ọmọ tí ẹyin kún inú ìtọ̀ rẹ̀. Ẹ ti ìtọ̀ náà gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 12 µm. Ẹ yọ síríńjì, ẹ fa afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì ti afẹ́fẹ́ náà gba inú asẹ́ kan náà, kí omi tó kù lè jáde, kí ẹyin sì lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn láti fo ibí yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun ìmúǹkan gbé asẹ́ sórí síláìdì, ẹ kán áyódíìnì ẹ̀kán kan sí i, kí ẹ sì máa ka ẹyin tó ní ẹ̀gún nídìí. Ẹyin 1 sí 49 nínú 10 ml, ìwọ̀nba ni àìsàn náà. 50 sókè, ó ti wọra.

Àṣìṣe tó ń yọjú níhìn-ín kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó burú. Ìtọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìfi formalin, oògùn tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́, sí i, ẹyin inú rẹ̀ lè ti pa ọmọ. Asẹ́ tí wọ́n tún lò láìfọ̀ ọ́ dáadáa máa ń gbé ẹyin ọmọ àkọ́kọ́ sórí ọmọ kejì. Ọmọbìnrin tó wà lójú oṣù rẹ̀, bébà tí àwọn mìíràn fi ń wá ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ yóò yí àwọ̀ fún un láìsí àtọ̀sí ajá kankan, nítorí náà kí obìnrin kan wà nínú ikọ̀ tó lè fi jẹ́jẹ́ béèrè níkọ̀kọ̀.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ni ìtọ́jú: praziquantel 40 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ibí ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń yan àmì tí a ó fi mọ̀ pé oògùn ṣiṣẹ́. Bó bá padà lọ gba ìtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, yóò rí ẹyin, yóò sì sáré kọ ọ́ pé oògùn kò ràn án. Ẹyin tó ti kú sínú ògiri àpò ìtọ̀ ló ṣì ń jábọ́ díẹ̀díẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, praziquantel kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ọmọ kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, ìyẹn náà sì máa ń dàgbà tó bá yá. Ọjọ́ tí ẹ ó tún àyẹ̀wò ṣe àti bí ẹ ó ṣe mọ ẹyin òkú yàtọ̀ sí ààyè gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ètò kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn.

Ìbéèrè gidi kì í ti inú ẹ̀rọ wá. Oògùn praziquantel tí a mọ̀ jẹ́ 600 mg: ó tóbi, ó korò, ọmọ ọwọ́ á pọ̀ ọ́ dànù, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n fi ń yọ àwọn ọmọ tí kò tíì tó iléèwé sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín in. Inú ìṣòro yẹn ni arpraziquantel ti jáde: 150 mg tó ń yòrò nínú omi, fún ọmọ oṣù mẹ́ta sí ọdún mẹ́fà, tí wọ́n dán wò lára àwọn ọmọdé ní Kẹ́ńyà àti Côte d'Ivoire. Àjọ tó ń rí sí oògùn ní Yúróòpù fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2023. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá kan tó ń wá bí yóò ṣe fún ọmọ rẹ̀ lóògùn lè béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà ní láàbù látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò lè ronú kàn án.

Ọ̀nà náà sì lè dí lẹ́yìn tí láàbù ti ṣe tirẹ̀ tán. Olùtọ́jú ìbílẹ̀ kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni àgbo tí wọ́n fi ṣe Niprisan fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS: iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà, ohun tí lẹ́kùlẹjà mọ̀ dunjú. NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, dán an wò lára aláìsàn 82, kálukú wọn lo oògùn gidi àti èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú, ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láìmọ èyí tó jẹ́ èwo. Ní 2006 ó jáde sọ́jà gẹ́gẹ́ bí Nicosan. Nígbà tó di 2008, Xechem, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é, wọ gbèsè. Ó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ tètè mọ̀ pé owó àti iṣẹ́ ṣíṣe oògùn lọ́pọ̀ wà lára sáyẹ́ǹsì tó ń kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ̀jẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ni ìtọ̀ lè dáhùn. Bí ẹ bá ń gba ẹ̀jẹ̀, tíúùbù tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ búlúù ló ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé, elésè àlùkò, eérú sì kẹ́yìn. Ẹni tó bá bu ẹ̀jẹ̀ láti inú elésè àlùkò kún ti pupa nítorí pé kò tó, yóò gbé èsì jáde tí potassium rẹ̀ fò sókè, tí calcium rẹ̀ já wálẹ̀. EDTA, oògùn inú tíúùbù elésè àlùkò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló fà á. Aláìsàn kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ náà ní àrékérekè tirẹ̀. Ìlànà ní 1,500 g (agbára tó ń fa ẹ̀jẹ̀ sísàlẹ̀ tíúùbù, kì í ṣe gíráàmù) fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ iṣẹ́ á yí bọ́tìnì sí 3,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ó tán lójú rẹ̀. Bí apá ẹ̀rọ bá gùn tó 15 cm, 3,000 yẹn jẹ́ nǹkan bí 1,509 g. Bó bá jẹ́ 10 cm, 1,006 g péré ni. Ó gbọ́dọ̀ sáré tó nǹkan bí 3,660 rpm kó tó dé ibi tí ìlànà wí. Ẹ fi rúlà wọn apá náà. Ìṣirò rẹ̀ ni 0.00001118 × gígùn apá ní cm × rpm × rpm. Kí ẹ kọ rpm tó yẹ sí bébà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Ti firísà, gbogbo wa mọ iná Nàìjíríà. Ẹ pín síróọ̀mù, omi tó ń dá dúró lókè lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti yí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, sí 500 µl, 500 µl, kó má baà jẹ́ pé ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń yọ́. Kí ìdajì wà nínú firísà tó wà lórí wáyà iná mìíràn. Kí a sì mọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Iye ènìyàn tó yẹ kó wà nínú ìwádìí náà ń dà wá láàmú: 384 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ àmútọ̀runwá fún thesis wa. Nọ́ńbà yẹn wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdá mélòó nínú ìlú ló ní àìsàn kan, bó bá gbà pé ó lè tó ìdajì, tó sì fàyè gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sókè-sódò. Kò sọ nǹkan kan nípa fífi oògùn kan wé òmíràn. Bí ẹ bá retí pé oògùn tuntun yóò dín àìsàn kù láti 40% sí 20%, ènìyàn 79 ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tó, pẹ̀lú agbára 80%, ìyẹn ni pé bí ìyàtọ̀ náà bá wà lóòótọ́, ìgbà 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìwádìí yóò rí i. Bí ẹ bá rò pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kò ní padà wá, ẹ pín 79 pẹ̀lú 0.9, yóò di 88. Àfikún 10% lásán kò tó.

Ìgbìmọ̀ ìwà-ètò ìwádìí gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i kí ẹ tó gba ìtọ̀ kankan. Bí oògùn ni ẹ fẹ́ dán wò, NAFDAC náà gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Ní abúlé, ẹ lọ kí baálẹ̀ kí ẹ tó dé iléèwé. Òbí ló ń fọwọ́ síwèé, ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn òbí bí wọ́n bá gbọ́ "gba ẹ̀jẹ̀", nítorí náà ẹ fi ṣíbí tíì hàn wọ́n: 5 ml kò ju ẹ̀kún rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn àlàyé, ẹ má béèrè "Ṣé ó yé yín mà?" Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò dáhùn, torí ọ̀wọ̀. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ máa sọ fún bàbá ọmọ bẹ́ẹ̀ bá délé?" Ibi tí ìdáhùn wọn bá ti wọ́ ni kí ẹ tún ṣàlàyé.

Ọjọ́ tí ẹ ó dá èsì padà gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀: owó ọkọ̀ lọ sí abúlé, oògùn fún gbogbo ọmọ tí ẹ rí ẹyin nínú ìtọ̀ rẹ̀, àti ẹ̀dà kan fún ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kó ka èsì náà fún àwọn òbí, ní Yorùbá, kí ọ̀gá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, kó má sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.